Wọ́n Ní Kí Ọmọ Ṣe Bí Ẹni Ń Fọn Trumpet: Ọ̀rọ̀ fún Olùkọ́ Orin Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ báńdì ilé ìwé lé wa lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó di ọjọ́ òmìnira, 1 October. Ẹni tó ni ilé ìwé náà ti ra trumpet mẹ́fà tó ń dán yinrin. Àwọn òbí ti sanwó yúnífọ́ọ̀mù pupa tó ní okùn aláwọ̀ wúrà léjìká. Gbogbo ohun tí wọ́n sì sọ fún wa ò ju pé: “Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn èèyàn rí wa ní pápá.”

Èèyàn rí wa lóòótọ́. Àmọ́ nínú ọmọ mẹ́fà tó gbé trumpet lọ́jọ́ náà, méjì péré ló ń fọn ọ́n, torí pé wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́? Àwa la sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e sẹ́nu, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí wọ́n má sì fẹ́ atẹ́gùn kankan sí i. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ya fídíò. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ gbé trumpet wálé, àlejò dé, ìyá bá ní kó fọn èyí tó fọn ní pápá káwọn àlejò gbọ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Nígbà tí ìyá náà dé ilé ìwé lọ́jọ́ Monday, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ mi ń ṣe níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà?”

A ò rí èsì fún un. Ọ̀pọ̀ ohun tá a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìbéèrè ìyá yẹn ló kọ́ wa.

Lọ́dọọdún, bí September bá ti ń wọlé báyìí, àwọn olùkọ́ tuntun máa ń pe àwa méjèèjì lórí fóònù. Àwọn kan nínú wọn kẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kò kọ́ ọ níbì kankan. Ó lè jẹ́ àgùnbánirọ̀ tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí olùkọ́ ìṣirò tí ọ̀gá ilé ìwé gbọ́ pé ohùn rẹ̀ dùn, ni wọ́n bá ní kó máa bójú tó báńdì. Orin tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ohun táwa máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: “Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fún yín?”

Ẹ kọ́kọ́ dúnàádúrà àkókò

Ọjọ́ tẹ́ ẹ gba iṣẹ́ náà ni ọ̀gá yín máa ń fetí sílẹ̀ jù. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Torí náà, ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ayẹyẹ wo ni wọ́n ń retí kí báńdì ṣe, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ làwọn ọmọ máa wá, aago mélòó ni wọ́n á sì parí? Ní Nàìjíríà, orin kì í dá dúró fúnra rẹ̀ láwọn kíláàsì ìpìlẹ̀. Abẹ́ Cultural and Creative Arts ni wọ́n kó o sí, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà, eré orí ìtàgé àti ijó. Èyí túmọ̀ sí pé, lọ́pọ̀ ilé ìwé, àkókò ìsinmi tàbí ẹ̀yìn aago ìparí ni báńdì máa ń rí gbà. Ebi ti ń pa ọmọ nígbà yẹn, bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì.

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún yín, ẹ má ṣèlérí trumpet. Ẹ ṣèlérí ìlù. Ìlù nìkan tó láti fi yan: ìlù ńlá kan, side drum mẹ́rin, àwọn ọmọ tó kù á máa kọrin. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń yan, ìgbésẹ̀ bí 120 ni láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun èlò tó ń ka ìgbésẹ̀ yẹn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù yín. Ọmọ tó wà ní Pírámárì 4 lè mọ ìlù ìyan kan dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ń fi dánra wò lójoojúmọ́. Kò sí ọmọ tó lè mọ trumpet fọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta débi tí ẹnì kan á fi fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tí trumpet máa jáde: ìparí táàmù kejì, fún àpẹẹrẹ. Àwa ò sọ ọ́ nígbà tiwa. Ẹ̀rù bà wá pé wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

Ẹ má gba Friday nìkan pẹ̀lú wákàtí kan àtààbọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ètè ọmọdé tètè máa ń rẹ̀, tó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ṣe lá máa fi ohun èlò náà tẹ ètè rẹ̀ mọ́ eyín kó lè rí ohùn mú jáde. Bí ìṣẹ́jú tí ọmọ fi fọn ṣe pọ̀ tó ni kó fi sinmi.

Kí ẹnu ṣáájú fèrè

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ fi àwọn ohun èlò onífèrè sínú àpótí. A mọ̀ pé kò rọrùn. Àwọn ọmọ á máa yọjú wo ojú fèrèsé ibi tẹ́ ẹ kó o sí. Àmọ́ ọmọ tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohùn kan, kò sí bó ṣe máa mọ̀ pé trumpet òun ti ṣìnà.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ọmọ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ ìwé kíkà ti mọ dò, re, mí gẹ́gẹ́ bí orúkọ àmì ohùn. Èdè Ìgbò, Hausa, Fọ̀n, Ewe àti Twi náà ń lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti fìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀. Torí náà, ẹ fi orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀. Adé jẹ́ re-mí, Ayọ̀ jẹ́ re-dò, Kọ́lá jẹ́ mí-mí, Dàpọ̀ jẹ́ dò-dò. Ẹ kùn ún láìpe ọ̀rọ̀ náà, káwọn ọmọ sọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ pè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi lù ú lórí àga. Ẹ̀rín á pọ̀, ẹlòmíì á sì já a kí ẹ tó parí rẹ̀. Tí ọmọ kan bá wá láti ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè míì, ẹ ní kó mú orúkọ ilé tiwọn wá, kí gbogbo kíláàsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. (Ohun kan rèé o: dò ti ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe dò ti orin gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu kàn ń sọ pé ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ti orin ní ìwọ̀n pàtó. Ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kó má bàa dà wọ́n láàmú nígbà tó bá yá.)

Kì í ṣe eré ọmọdé lọ̀rọ̀ yìí. Thomas Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùrù ní Kàtídírà tó wà ní Marina l’Ékòó, kọ ìwé kan nípa bí orin Yorùbá ṣe so mọ́ ohùn ọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Ohun tó ká irú wọn lára ni àwọn orin tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ débi tí ìtumọ̀ fi ń yí padà. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe orin ilé ìwé ní èdè àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà sókè bí ẹni ń báni sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí orin tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

A rí èrè dò-re-mí ní 2024. Ní May ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ dá “Nigeria, We Hail Thee” padà, orin orílẹ̀-èdè tá a ti pa tì láti 1978. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ nígbà yẹn, tí Benedict Odiase tó darí báńdì àwọn ọlọ́pàá ṣe ohùn rẹ̀, ni gbogbo ọmọ báńdì mọ̀. Láwọn ibi tí wọ́n ti kọ́ ọmọ pé “tẹ ìkíní, tú u sílẹ̀, tẹ ìkíní òun ìkejì”, ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Àwọn ọmọ tiwa ti ń ka dò-re-mí nígbà yẹn. A kọ orin náà sójú pátákó, wọ́n fi ẹnu kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ń fọn ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ohun tó ń da olùkọ́ tuntun láàmú jù

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá pè wá, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé: “Gbogbo wọn ń fọn ohun tí mo kọ síwájú wọn, àmọ́ ó ń dún bí ọjà.” Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ. Trumpet àti ríkọ́dà kì í pe ohùn kan náà lórúkọ kan náà. Tí ọmọ bá fọn C lórí ríkọ́dà, C ló máa dún. Tó bá fọn ohun tí ìwé rẹ̀ pè ní C lórí trumpet B♭, B♭ ló máa dún. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí gbogbo wọn jọ bẹ̀rẹ̀ lórí C, D lẹ máa kọ síwájú onítrumpet, A lẹ sì máa kọ fún ọmọ tó gbé alto saxophone. Clarinet B♭ máa ń tẹ̀ lé trumpet. Ẹ kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé yín. Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ má pa ríkọ́dà àti trumpet pọ̀ rárá ní táàmù àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ra ríkọ́dà lọ́jà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń pè ní German àti èyí tí wọ́n ń pè ní Baroque. Bí wọ́n ṣe ń to ìka fún F yàtọ̀ lórí méjèèjì. Tí ìdajì kíláàsì bá mú ọ̀kan, tí ìdajì mú ìkejì, F ò ní bára mu láéláé, tíṣà á sì máa bá ọmọ tí kò ṣẹ̀ wí. Ẹ dúró kí olùkọ́ sọ èyí tó fẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ náà, ẹ tètè fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Ọwọ́ òsì ló máa ń wà lókè o. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn kan náà, torí lẹ́yìn oṣù kan, ó ti di àṣà. B, A àti G ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tó rọra jáde, bíi ti ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná, ni ríkọ́dà fẹ́, kí ahọ́n sì máa sọ “tú” fún ohùn kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan máa ń fojú kéré ríkọ́dà, wọ́n ní ohun ìṣeré ni. Ní Accra láwọn ọdún 1930, olùkọ́ ilé ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Teacher Lamptey, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní James Town ní ìlù àti fèrè kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni E. T. Mensah. Fèrè kékeré yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba highlife, tó wá ṣeré káàkiri Nàìjíríà láwọn ọdún 1950.

Ètè, eyín àti etí

Ẹ wo eyín iwájú ọmọ kẹ́ ẹ tó gbé trumpet fún un. Tó bá ṣì ń pààrọ̀ eyín, ẹ fún un ní ìlù títí eyín tuntun á fi dúró dáadáa. Ó dùn wá nígbà tí ọmọ kan sọ fún wa pé òun rò pé àwa ò fẹ́ràn òun la ṣe gba trumpet lọ́wọ́ òun. A ò ṣàlàyé fún un. Ẹ ṣàlàyé.

Ẹnu trumpet tí ọmọ ń gbé sẹ́nu, tí agbára bá wà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Tí kò bá sí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, ká fọ̀ ọ́ kí ẹlòmíì tó gbà á, láìsí ọ̀rọ̀ pé “ọ̀rẹ́ mi ni”. Ọmọ tó ní kátá tàbí egbò létè kò ní fọn nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹnu trumpet bá há, ẹ má fi ẹ̀mú fà á! Àwọn tó ń tún un ṣe ní irinṣẹ́ tó ń yọ ọ́. Ìgbà tá a fi ẹ̀mú fà á, odindi páìpù ló wọ́, owó àtúnṣe rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti trumpet tòkunbọ̀.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò bóyá wọ́n ń ta padà sókè kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ fa páìpù kékeré tó wà lára bọ́tìnnì àkọ́kọ́ síta díẹ̀ láìtẹ bọ́tìnnì náà, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Tó bá dún “pọ́ọ̀”, atẹ́gùn ò jò níbẹ̀. Tí kò bá dún, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Etí ńkọ́? Yàrá tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí páànù bò lórí, máa ń mú kí ariwo ìlù pọ̀ sí i. Ẹ lọ sábẹ́ igi. Tẹ́ ẹ bá ní láti pariwo kí ọmọ tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó lè gbọ́ yín, ariwo náà ti pọ̀ jù fún etí ọmọdé. Fún ìdánrawò side drum, ẹ gba rọ́bà táyà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà, kẹ́ ẹ gé e pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ gbé e sórí àga. Ọwọ́ á mọ iṣẹ́ náà, etí á sì sinmi.

Gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohun táwọn òbí máa sọ

Àwa fẹ́ràn kí ìlù ilé wa wà nínú báńdì, ó sì dín owó kù. Àmọ́ ẹ mọ ìwà awọ: lásìkò òjò, á dẹ̀, oòrùn ló máa ń tún un ṣe, lásìkò ọyẹ́, á le, ó sì lè ya lóru. Ẹ tú ọṣán rẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn.

Òbí kan máa wá sọ pé ìlù òrìṣà ni gángan. Òbí míì máa sọ pé ẹ̀sìn òun ò fàyè gba fèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní Akropong ní Ghana, wọ́n yọ Ephraim Amu kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní 1933 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Presbyterian, torí pé ó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ wàásù, ó sì ń mú orin àti ohun èlò ilẹ̀ Áfíríkà wọ inú ìjọsìn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí owó Ghana. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ máa bá òbí jiyàn. Ẹ fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn kẹ́ ẹ tó pín ohun èlò, kí ìdáhùn sì wà lákọsílẹ̀. A ti rí àwọn òbí tí kò fẹ́ fèrè àmọ́ tí inú wọn dùn sí ìlù àti orin ẹnu. Níwájú ọmọ, ẹ má sọ pé òbí rẹ̀ ò lajú.

Nílé

Ẹ̀yin òbí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ ti tó fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa àkókò náà kí wọ́n tó wá bá yín. Lọ́jọ́ tí ariwo ò bá ní ṣeé ṣe, ọmọ lè fi ẹnu trumpet nìkan dánra wò, ohùn rẹ̀ ò ju ti kòkòrò oyin lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é jáde fún àlejò. Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tó ṣì ń le fún un.

Ọmọ tá a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, odindi táàmù kan ni kò fi fẹ́ rí trumpet sójú. Ìlù ló ń lù, ó sì mọ̀ ọ́n lù. A lọ bẹ ìyá rẹ̀ nílé, a sì bẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ní àárín táàmù kejì, ó béèrè bóyá òun lè mú ẹnu trumpet lọ sílé. Nígbà ayẹyẹ ìparí ọdún, orin kan tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ni wọ́n fọn, láti dò dé sọ́ nìkan. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń fọn. Ọmọ yẹn ṣìnà lẹ́ẹ̀kan láàárín, ó dúró, ó ka ìlù títí ó fi rí ibi tó máa gbà wọlé, ó sì bá wọn parí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún gbé fóònù rẹ̀ wá.